Ìdí tí Páwà Báǹkì fi ń Já Ènìyàn Kulẹ̀ ní Johannesburg

Kò sí ibi tí ènìyàn lè yà sí láàárín ìgboro Johannesburg ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà tí kò ní í bá àwọn tí ń ta páwà báǹkì pàdé, èyíinì ni ohun èlò kékeré tí a ń tọ́jú iná mànàmáná sínú rẹ̀ kí a lè fi ṣáàjì fóònù nígbà tí iná bá lọ. Ní òpópónà Small Street, ní ibùdókọ̀ Noord níbi tí àwọn tákísì ti ń kó èrò, àti ní àdúgbò Hillbrow àti Yeoville tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ṣe ibùgbé, ni a ti ń pàtẹ rẹ̀ bí ẹni pàtẹ ọsàn. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni ẹni tí ó rà á rò pé òun rà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó ń rí i, nígbà tí òkùnkùn bá ti ṣú tán, pé ohun tí òun gbẹ́kẹ̀ lé kò lè ran òun lọ́wọ́. Àwọn mìíràn sì wà tí tiwọn gbaná mọ́ wọn nínú ilé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti orí burúkú. Ó ní ìdí, ìdí náà yóò sì yé ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó.

Ohun tí ó sọ páwà báǹkì di kòṣeémàní ní Johannesburg ni àìtó iná mànàmáná. Ní ọdún 1998, ìjọba Gúúsù Áfíríkà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ètò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ agbára pé, bí a kò bá tètè kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá tuntun, iná kò ní í tó mọ́ ní nǹkan bí ọdún 2007. A kò tètè kọ́ wọn. Nígbà tí ọdún náà pé, ọ̀rọ̀ náà ṣẹ: Eskom, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń pèsè iná, bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná ní àdúgbò kan tẹ̀lé òmíràn, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní load-shedding. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2008, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ń wa wúrà ní láti dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ó yá, a pín ètò náà sí ìpele-ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan sì dúró fún 1,000 mẹ́gáwáàtì tí a ní láti yọ kúrò nínú iná tí àwọn ènìyàn ń lò. Ní ọdún 2023, tí ó burú jù lọ, ọjọ́ tí a pa iná lé ní 300 nínú ọdún kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ 26 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024 ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í tu àwọn ènìyàn, ó sì tó oṣù 10 kí load-shedding tó tún yọjú ní òpin oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025. Síbẹ̀, ní gbogbo àkókò ìtura náà, àwọn olè tí ń gé wáyà àti àwọn tiransifọ́mà tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú náà bọ́ lọ́wọ́ òkùnkùn.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ fóònù jẹ́ ọ̀rọ̀ afẹ́ kò tíì wo bí ayé ṣe yí padà. Inú fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ná owó tí ó wà ní báǹkì. Òun ni a fi ń pe ọkọ̀. Òun ni ìdílé aláìsàn fi ń wá ìrànlọ́wọ́. Òun náà sì ni ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Yeoville fi ń gbúròó ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Obìnrin tí ó ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lóru, ní ìlú tí a ti mọ̀ pé ìdigunjalè pọ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí fóònù rẹ̀ kú. Bí iná bá sì pẹ́ kí ó tó dé, àwọn òpó ìbánisọ̀rọ̀ pàápàá a máa dákẹ́, nítorí pé bátìrì ni wọ́n ń gbára lé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn olè a sì máa jí bátìrì náà kó. Nítorí náà, ẹni tí páwà báǹkì rẹ̀ já a kulẹ̀ kò pàdánù owó nìkan. Ó lè pàdánù ohun tí owó kò lè rà.

Kí a tó lè mọ ibi tí ẹ̀tàn wà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú páwà báǹkì. Sẹ́ẹ̀lì bátìrì oní-lítíọ́ọ̀mù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó wà níbẹ̀, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Jàpáànì kọ́kọ́ gbé jáde fún títà ní ọdún 1991. Iṣẹ́ ìwádìí tí ó bí irú bátìrì yìí ni a torí rẹ̀ fún John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́místírì ní ọdún 2019. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà ni pátákó kékeré kan wà tí ó dà bí oníbodè. Iṣẹ́ méjì ni oníbodè yìí ń ṣe. Èkíní, ó ń gbé agbára sẹ́ẹ̀lì, tí ó jẹ́ nǹkan bí fóltì 3.7, sókè sí fóltì 5 tí fóònù lè gbà. Èkejì, ó ń dá iná dúró nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá kún, tàbí nígbà tí ó bá gbẹ ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí nígbà tí ó bá gbóná jù. Bí sẹ́ẹ̀lì bá dára tí oníbodè kò dára, tàbí tí oníbodè dára tí sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ògbólógbòó, ohun èlò náà kò ní í ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ibi tí aáwọ̀ ti kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láàárín olùrà àti olùtà ni iye tí a kọ sí ara rẹ̀. Bí a bá kọ 10,000 mAh sí ara páwà báǹkì, tí bátìrì fóònù sì jẹ́ 5,000 mAh, olùrà yóò ní ó yẹ kí ó kún fóònù náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye yẹn dà bí iye garawa omi tí a pọn; ṣùgbọ́n kì í ṣe iye garawa nìkan ni a fi ń mọ iṣẹ́ tí omi lè ṣe, bí kò ṣe bí ibi tí omi náà ti ń ṣubú ti ga tó pẹ̀lú. Fóltì 3.7 ni gíga ibi tí a ti ka 10,000 náà. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, gbogbo agbára tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju wáàtì-wákàtí 37 lọ. Nígbà tí oníbodè bá gbé e sókè sí fóltì 5, agbára náà kò pọ̀ sí i. Ńṣe ni garawa yóò dín kù sí 7,400. Ooru yóò tún jẹ nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà, tí ohun tí yóò dé ẹnu wáyà kò fi ní í sábà ju nǹkan bí 6,500 lọ. Fóònù náà yóò kún ní ẹ̀ẹ̀kan àti nǹkan bí ààbọ̀. Èyí kì í ṣe jìbìtì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ojúlówó pàápàá ṣe ń ṣe. Olóòótọ́ nínú àwọn tí ń ṣe é a máa kọ iye kejì yìí sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní.

Jìbìtì gan-an ni èyí tí a kọ 20,000 tàbí 50,000 sí ara rẹ̀ nígbà tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò súnmọ́ ọn rárá. Aṣọ ńlá kọ́ ènìyàn ńlá. Ọ̀nà kan sì wà tí olùrà lè fi mọ òótọ́ láìsí ẹ̀rọ kankan: ìwọ̀n ni. Sẹ́ẹ̀lì roboto tí a ń pè ní 18650, nítorí pé ó fẹ̀ ní mìlímítà 18 tí ó sì gùn ní mìlímítà 65, kì í gbà ju nǹkan bí 3,500 mAh lọ, àní èyí tí ó dára jù lọ nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wúwo tó gíráàmù 45 sí 50. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú ojúlówó 20,000 mAh kò lè dín ní 6, ìwọ̀n wọn yóò sì súnmọ́ gíráàmù 300 kí a tó fi pátákó àti àpótí kún un. Àwọn sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Páwà báǹkì tí ó bá fúyẹ́ bí ìdì bísíkíìtì, tí a sì kọ 20,000 sí lára, irọ́ ni ó ń pa.

Yàtọ̀ sí jìbìtì, ogbó náà ń bẹ. Lẹ́yìn nǹkan bí ìgbà 300 sí 500 tí a ti kún sẹ́ẹ̀lì tí a sì ti lò ó tán, agbára rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 80 nínú 100. Ní ọdún bíi 2023 tí iná fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lọ lójoojúmọ́, ẹni tí ó ń lo tirẹ̀ tán lójoojúmọ́ yóò dé ibẹ̀ kí ọdún kan ààbọ̀ tó pé. Ooru a máa mú ogbó náà yá, pàápàá jù lọ inú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Bí a bá sì gbé e jù sílẹ̀ ní òfìfo fún ọ̀pọ̀ oṣù, ebi lè pa á kú pátápátá. Ìdajì agbára ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ bí a bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi jẹ́ ti páwà báǹkì. Nígbà mìíràn, wáyà olówó pọ́ọ́kú ni kò jẹ́ kí iná kọjá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tí a so mọ́ ọn, bí ohun kékeré tí a ń kì bọ etí, ń gba iná tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí oníbodè fi rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, tí ó sì pa ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó wá burú jù. Láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sẹ́ẹ̀lì ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí kò jẹ́ kí wọ́n fara kan ara wọn. Bí awọ yìí bá ya, yálà nítorí pé páwà báǹkì já bọ́ sílẹ̀, tàbí pé a ṣe é ní àṣìṣe láti ilé iṣẹ́, tàbí pé oníbodè jẹ́ kí iná pọ̀ jù nínú rẹ̀, ooru yóò bẹ̀rẹ̀. Ooru náà yóò sì máa bí ooru mìíràn títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi bú gbàmù. Kì í ṣe ọjà ojú títì nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Òkúdu ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Anker, tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe kékeré, pe páwà báǹkì rẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà nítorí ewu iná. Ní oṣù kan náà, ilé iṣẹ́ Romoss pe nǹkan bí 490,000 padà ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé ilé iṣẹ́ tí ó ní orúkọ lè pe ọjà rẹ̀ padà kí ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ta ni yóò pe èyí tí kò ní orúkọ padà?

Àwọn ọkọ̀ òfuurufú ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, ọkọ̀ òfuurufú Air Busan kan jóná ní pápákọ̀ Gimhae ní Gúúsù Kòríà kí ó tó gbéra; gbogbo ènìyàn 176 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó yọ, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ páwà báǹkì ni ó dá iná náà sílẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Emirates, tí ń ná Johannesburg àti Èkó, kò gbà kí èrò lo páwà báǹkì nínú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹyọ kan tí kò tó wáàtì-wákàtí 100 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè mú dání. Òfin gbogbo ayé sì ni pé a kò gbọdọ̀ fi í sínú ẹrù tí ń lọ sí abẹ́ ọkọ̀, nítorí pé ibẹ̀ kò sí ẹni tí yóò tètè rí èéfín.

Òfin kò fi olùrà sílẹ̀ láìní olùgbèjà. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2008 fún ẹni tí ó bá ra ọjà tí kò dára ní oṣù 6 láti dá a padà, kí a tún un ṣe, tàbí kí a fún un ní òmíràn, tàbí kí a dá owó rẹ̀ padà, èyí tí ó bá wù ú. Nàìjíríà náà ní òfin tirẹ̀ tí a ṣe ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba ìwé rírà, tí ó ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí yóò ti kó igbá rẹ̀ lọ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, báwo ni òfin yóò ṣe gbèjà rẹ̀? A sì mọ ìdí tí aláìní fi ń ra èyí tí kò dára: bí owó bá ti mọ ni oògùn ń mọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a di gbogbo ẹrù náà lé olùrà lórí. Ẹnubodè ni ó yẹ kí a ti dá ọjà burúkú padà, kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí kò ní ọ̀nà láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Títí ìgbà náà, ohun díẹ̀ wà tí olúkúlùkù lè ṣe. Kí ó gbé ọjà náà wò lọ́wọ́ bí ó bá wúwo tó. Kí ó wá iye wáàtì-wákàtí ní ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ó gba ìwé rírà. Èyí tí ó bá ti wú, tàbí tí ó ń gbóná láìnídìí, kí ó má ṣe lò ó mọ́. Kí ó má sì ṣe jù ú sí ààtàn, nítorí pé ó lè gbiná nínú ọkọ̀ akólẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó gbé e lọ fún àwọn tí ń gba àwókù ohun èlò oníná. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó má ṣe fi í síbi ìrọ̀rí kí ó máa gba iná mọ́jú, nítorí àwọn àgbà ti ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ọ̀rọ̀ Johannesburg kì í ṣe ti Johannesburg nìkan. Ní Nàìjíríà, níbi tí òpó iná gbogbo orílẹ̀-èdè ti dákú ní ọ̀pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024, páwà báǹkì kan náà ni ó wà lórí igbá ní Èkó àti Ìbàdàn. Níbikíbi tí ìjọba kò bá ti lè pèsè iná tí ó dúró, gbogbo ènìyàn ni ó máa ń di ilé iṣẹ́ amúnáwá kékeré, tí ó ń gbé iná tirẹ̀ kiri nínú àpò. Ẹni tí ó bá sì ń gbé iná kiri, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó gbé.