Kòkòrò Wo Ló Ń Jẹ Ewé Ilá Wa?

Ẹ mọ̀ pé ní Ṣàgámù Interchange ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, ti pàdé ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde òun Benin. Ọkọ̀ tó ń kó ilá àti ẹ̀fọ́ lọ sí Èkó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí ewé ilá bá ti lu bí ajere, kí ni a óò rí kó sínú ọkọ̀?

Ọ̀pọ̀ wa, bí a bá ti rí kòkòrò lórí ewé, pípa ni. Èyí kò dára. Òmíràn ọ̀tá ni, òmíràn ọ̀rẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Ajewé ilá. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Podagrica. Kò tó hóró ìrẹsì, ara rẹ̀ sì ń dán. Oríṣi kan pupa rúsúrúsú látòkè délẹ̀. Èkejì, ọrùn rẹ̀ ló pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀: itan rẹ̀ ki bíi ti tata. Bí ẹ bá na ìka sí i, á fò fìrì! Ihò wẹ́wẹ́ ló ń dá sí ewé. Ó tún ń gbé àrùn láti ara ilá kan dé ara èkejì.

2. Ajewé ẹ̀wà. Orúkọ rẹ̀ ni Ootheca. Ó tóbi ju ti ilá lọ. Ó lè pupa, ó sì lè dúdú. Inú ilẹ̀ ló ń yé sí, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa jẹ gbòǹgbò ẹ̀wà. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà á jáde wá jẹ ewé.

3. Ọ̀rẹ́ àgbẹ̀. Èyí rí roboto, bí ìlàjì hóró ẹ̀wà tí a dojú rẹ̀ dé. Ó pupa tàbí kó ní àwọ̀ ìyeyè, pẹ̀lú àmì dúdú lẹ́yìn. Irun méjì tó wà níwájú orí rẹ̀ kúrú; ti ajewé gùn dáadáa. Kì í ta pọ́ún bíi ti ajewé ilá. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń ṣù mọ́ ọ̀mùnú ẹ̀wà, tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ mu, ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó bá pa á, ọlọ́dẹ oko rẹ̀ ló pa. Àmọ́ o, díẹ̀ nínú ìdílé yìí ń jẹ ewé. Nítorí náà, ẹ wo ohun tó ń jẹ kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

4. Kòkòrò obì. Ẹ̀yin olóbì mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ̀ gùn ṣọ́ńṣọ́, òun ló fi ń lu obì. Ajewé kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń dá ihò sí ẹ̀wà inú àpò ńkọ́? Ìyẹn kò ní ẹnu gígùn. Àwọn onímọ̀ ti kà á mọ́ ìdílé ajewé báyìí.

Kí ni ká wá ṣe? Ẹ má gbin ẹ̀wà sójú kan náà lọ́dọọdún. Ẹ gún hóró èso dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wọ́n ọn sí ewé. Bí ẹ bá ra oògùn apakòkòrò, ẹ ka ara ìgò rẹ̀. Ẹ wá iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó ká ilá. Bí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ pe ọmọ yín tó ń lọ sílé ìwé. Ilá tí a fín lónìí, tí a tà lọ́la, májèlé là ń tà fún ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ ti mọ̀wé báyìí. Ẹ jẹ́ kó wúlò lóko.

Ìbéèrè
1. Báwo ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajewé ilá ṣe rí?
2. Kí ni oúnjẹ ọ̀rẹ́ àgbẹ̀?
3. Kí ni ẹ ó kà lára ìgò oògùn kí ẹ tó ká ilá?