Àpéjọ òpin ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn Ajah: Onílé, àlejò àti ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá

Láti ìgbà tí ilé ti kún Lékkí, tí èrò sì ń wọ́ lọ sí Ajah bí omi, ni àwọn tó rí owó dì mú ti ń sún síwájú lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Láti Ṣàngótẹ̀dó dé Awóyáyà, títí lọ dé etí òkun Ìbẹ́jú-Lékkí, ibi tó jẹ́ igbó àti igi àgbọn tẹ́lẹ̀ ti di ilẹ̀ olówó ńlá. Àwọn kan ń dáko níbẹ̀, àwọn kan ń sin adìyẹ, àwọn mìíràn sì kọ́ ilé sí i tí wọ́n fi ń gbafẹ́ lópin ọ̀sẹ̀.

Ẹni tó bá nílé sí irú ibẹ̀ lè pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n sun ẹran, kí wọ́n gbọ́ orin, kí ilẹ̀ Sọ́ńdè sì mọ́ kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gun alùpùpù ńlá, èyí tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní páwà báìkì, wà lára àwọn tó fẹ́ràn irú ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn a tò tẹ̀lé ara wọn, ariwo ẹ́ńjìnnì á sì gba gbogbo títì kan.

Ṣùgbọ́n bí àwọn àlejò náà bá jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn, tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ ti di méjì. Òfin Nàìjíríà kò mọ sórí àlejò nìkan. Ó ń wo ojú onílé pẹ̀lú.

Ohun tí òfin sọ

Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ta ko ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin. Ọ̀pọ̀ olórí ẹ̀sìn ló yìn ín nígbà náà, ọ̀pọ̀ aráàlú sì gbà pé ohun tó bá àṣà mu ni. Àmọ́ ohun tí àwọn ènìyàn gbọ́ jù nípa rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ló mọ̀ pé òfin náà kọjá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Abala 4 rẹ̀ ka ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí léèwọ̀, ó sì ka ìwọ́de àti ìpàdé wọn mọ́ ọn. Abala 5 wá sọ iye ìyà tó wà níbẹ̀: ẹni tó bá dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó ń darí rẹ̀ tàbí ẹni tó ń bá wọn kópa, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti ẹgbẹ́ náà tàbí ìpàdé rẹ̀ lẹ́yìn, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá náà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan onílé nìyẹn. Òfin kò sọ ní pàtó ohun tó ń jẹ́ àtìlẹ́yìn. Ṣé ẹni tó yá wọn ní àgbàlá ni? Ṣé ẹni tó se oúnjẹ fún wọn ni? Ṣé ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu géètì, tó ṣílẹ̀kùn fún wọn ni? Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ mú ènìyàn lè dáhùn pé gbogbo wọn ni. Kì báà jẹ́ pé onílé ní ìyàwó àti ọmọ márùn-ún, ìyẹn nìkan kò yọ ọ́ nínú ẹjọ́.

Ẹ̀kọ́ inú ẹjọ́ Ẹgbẹ̀dá

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ẹgbẹ̀dá, l'Ékòó, lóṣù kẹjọ ọdún 2018, fi bí òfin yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Ọlọ́pàá ya wọ òtẹ́ẹ̀lì kan lóru, wọ́n sì kó ọkùnrin 57. Ọlọ́pàá ní ńṣe ni wọ́n ń mú àwọn ènìyàn wọ ẹgbẹ́ akọ-sí-akọ. Àwọn tí wọ́n mú ní ayẹyẹ ọjọ́ ìbí làwọn wá ṣe. Wọ́n tò wọ́n síwájú àwọn oníròyìn, ojú wọn sì hàn káàkiri ayé kí ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ohunkóhun.

Mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú wọn ló dé iwájú ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń ṣe ìfẹ́ akọ-sí-akọ ní gbangba. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi. Nígbà tó di pé kí ọlọ́pàá mú ẹlẹ́rìí wá, ìtàn di àwáàrí. Lọ́jọ́ 27, oṣù kẹwàá, ọdún 2020, Adájọ́ Rilwan Aikawa da ẹjọ́ náà nù nítorí pé àwọn olùpẹjọ́ kò ṣe iṣẹ́ wọn bí iṣẹ́.

Kí òǹkàwé má ṣe ṣì í gbọ́ o. Dída ẹjọ́ nù lọ́nà yìí yàtọ̀ sí ìdáláre. Adájọ́ kò sọ pé òfin náà kò dára, kò sì sọ pé ìpàdé wọn bófin mu. Ọdún méjì ni àwọn ènìyàn náà fi gbé ẹjọ́ lórí, àwọn kan nínú wọn sì sọ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn, ẹbí sì kẹ̀yìn sí àwọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tán síbẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún 2023, ọlọ́pàá kó ènìyàn 67 ní Ekpan, ìpínlẹ̀ Delta, wọ́n ní ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin ni wọ́n ń ṣe. Lóṣù kẹwàá ọdún kan náà, àjọ ààbò ara ẹni làbò ìlú kó ènìyàn 76 ní Gombe níbi tí wọ́n ti ń ṣe àríyá.

Àwọn tó ń fi òfin jẹun

Àwọn kan wà tí kò bìkítà fún àṣà tàbí ẹ̀sìn, owó ni wọ́n ń wá. Wọn a fi fóònù dọ́rẹ̀ẹ́ ènìyàn, wọn a tàn án wá síbi kọ́lọ́fín, wọn a lù ú, wọn a gba owó àti fóònù rẹ̀, wọn a sì ní bó bá pariwo, àwọn á fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kító nìyẹn. Àjọ Human Rights Watch sọ nínú ìwádìí rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2016 pé òfin 2014 ti fún àwọn alọ́nilọ́wọ́gbà láyè, àti pé àwọn ọlọ́pàá kan wà lára wọn. Àjọ TIERs, tó ti wà l'Ékòó láti ọdún 2005, máa ń kó irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ lọ́dọọdún.

Ilé tó bá wà lójú oko, tí aládùúgbò jìnnà sí, ló dà bíi pé ó fara sin jù lọ. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni igbe kì í ti í dé etí ẹnikẹ́ni.

Alùpùpù náà ní ẹjọ́ tirẹ̀

L'Ẹ́tí-Ọ̀sà, tí Lékkí àti Ajah wà, alùpùpù fúnra rẹ̀ ti di ohun tí ọlọ́pàá ń fojú sí. Lóṣù karùn-ún ọdún 2022, àwọn ọlọ́kadà lu ọ̀dọ́kùnrin kan, David Imoh, pa ní Lékkí, wọ́n sì dáná sun ún, lórí ọ̀rọ̀ ₦100. Kò pẹ́ tí Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fi kéde pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹfà, ọ̀kadà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ ní Etí-Ọ̀sà àti ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún mìíràn. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni wọ́n ní ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbà. Àṣẹ náà kò dárúkọ Ìbẹ́jú-Lékkí, kò sì mú àwọn alùpùpù ńlá tí wọ́n fi ń jíṣẹ́.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ń bọ̀ lórí alùpùpù láti Lékkí kọjá Ajah mọ̀ pé ọlọ́pàá lè dá òun dúró nígbàkúùgbà. Ìbéèrè ìwé ọkọ̀ lè di ìbéèrè ibi tí ó ń lọ, èyí náà sì lè di yíyẹ inú fóònù wò.

Bó ṣe rí níbòmíràn

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 1954, àwọn ọkùnrin kan ní Los Angeles, l'Amẹ́ríkà, dá ẹgbẹ́ alùpùpù Satyrs sílẹ̀. Nígbà náà, òfin California ka ìfẹ́ akọ-sí-akọ sí ọ̀ràn, ọlọ́pàá a sì máa ya wọ ilé ọtí tí wọ́n ti ń pàdé. Wọ́n ń gun alùpùpù wọn jáde kúrò nílùú lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n ń pàgọ́ sórí òkè. Ọdún 1975 ni ìpínlẹ̀ náà tó pa òfin ọ̀hún rẹ́. Lọ́dún 1976, àwọn obìnrin tó ń gun alùpùpù ṣíwájú ìwọ́de ní San Francisco, ẹgbẹ́ Dykes on Bikes sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì tó gbé òfin irú èyí wá sí Nàìjíríà kí a tó gba òmìnira ti dẹ tirẹ̀ nílé lọ́dún 1967. Tiwa ṣì wà níbẹ̀, òfin 2014 sì gorí rẹ̀.

Ohun tó kù fún onílé

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ilé rẹ̀ ní abala 37, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti bá ènìyàn pàdé ní abala 40. Abala 45 ìwé kan náà ní ìjọba lè dín ẹ̀tọ́ wọ̀nyí kù nítorí ìwà ọmọlúwàbí láwùjọ. Láàárín abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìjà wà, ẹjọ́ Ẹgbẹ̀dá kò sì parí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá tó ní ilẹ̀ lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ló ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó máa mójú tó o. Ọmọ náà lè pe ọ̀rẹ́ wá lópin ọ̀sẹ̀, òbí kò sì ní mọ irú ọ̀rẹ́ tó jẹ́. Àwọn òbí kan lè ní àwọn kò fẹ́ irú wọn lójú àwọn rárá. Àwọn mìíràn lè ní ọmọ àwọn ni, àwọn kò lè tì í síta. Èyí ó wù kó jẹ́, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí onílé mọ ohun tí òfin sọ, kí ó sì ti mọ nọ́ńbà lọ́yà tó lè pè, kí ọlọ́pàá tó kan géètì lóru.