Táǹkì tú lóru, ọlẹ̀ àwọn ìyá bàjẹ́! Ta ló ń ṣọ́ tiyín?

Ẹ bi ìyá ẹlẹ́ja tútù ní Ajégúnlẹ̀, lọ́nà Ìkòròdú, ohun tí ojú rẹ̀ máa ń rí bí NEPA bá mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Panla á rọ̀, ṣáwà á máa rùn, owó á sì wọgbó. Ṣùgbọ́n ẹja ṣì wà lọ́jà lọ́la. Ohun tá a fẹ́ sọ yìí kò sí lórí àtẹ kankan ní Mile 12.

Lóru ọjọ́ kẹta mọ́jú ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta ọdún 2018, òtútù inú táǹkì kan dín kù ní ilé ìwòsàn University Hospitals ní ìlú Cleveland, ní Amẹ́ríkà. Ẹyin obìnrin àti ọlẹ̀ tó lé ní 4,000 ló wà nínú táǹkì ọ̀hún, àwọn tó ni wọ́n sì tó 950. Aago ìdágìrì tó yẹ kó ta òṣìṣẹ́ jí nílé, pípa ló wà! Háà! Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé kò jọ pé èyíkéyìí ṣì wúlò nínú wọn.

Ọjọ́ kẹrin yẹn kan náà ni táǹkì mìíràn tún yọnu ní Pacific Fertility Center, San Francisco. Nǹkan bíi 3,500 ẹyin àti ọlẹ̀ ló wà nínú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọ́n sì ní kí wọ́n san nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là fún èèyàn márùn-ún lọ́dún 2021. Wọ́n ní ẹ̀bi ẹni tó rọ táǹkì ni ìdá 90 nínú 100, ti ilé ìwòsàn ni ìyókù. Owó ni wọ́n rí gbà, kì í ṣe ọmọ.

Ẹni tó bá ní Amẹ́ríkà jìnnà, kó rántí pé láti 1989 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ti gbẹ̀bí ọmọ inú ìgò ní LUTH. Lónìí, ilé ìwòsàn tó ń ṣe é pọ̀ ní Èkó. Àwọn kan kó àjọ, àwọn kan ta ilẹ̀, kí wọ́n tó rówó rẹ̀ san.

Táǹkì yìí kì í ṣe firísà o. Fúláàsì ńlá ni, bí èyí tá à ń da omi gbígbóná sí fún ẹ̀kọ. Òtútù ló wà nínú tirẹ̀: náítírójìn olómi, tó tutù ju yìnyín lọ jìnnà, ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo. Kò nílò NEPA. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni náítírójìn ń fẹ́ lọ, bí omi inú amù ṣe ń lọ sílẹ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa bù kún un. Bí ara fúláàsì bá wá lanu, kíá ló máa gbẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ láti wọn jíjìn rẹ̀, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé, tí ẹ̀rọ kan sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru, tó ń pe fóònù bí nǹkan bá yí. Ẹ̀rọ aṣọ́nà yẹn ló nílò iná! Bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Náítírójìn tó pọ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ pẹ̀lú, torí ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ lè há sínú gosílóò, tàbí kí odò Ògùn ya bo ọ̀nà, bó ṣe ya bo Ajégúnlẹ̀ lọ́dún 2010.

Kò sẹ́ni tó máa gbé owó fún alájọ tí kò ní gba káàdì. Kí ló wá dé tí èèyàn á fi ọlẹ̀ sílẹ̀, tí á kàn máa dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà? Ẹ bi wọ́n: ta ló ń wo táǹkì lọ́jọ́ Sunday àti lọ́jọ́ Iléyá? Ìgbà wo ni wọ́n dán aago ìdágìrì wò kẹ́yìn? Ṣé inú táǹkì kan ṣoṣo ni gbogbo tèmi wà, àbí wọ́n pín in sí méjì? Dókítà tó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ fura sí i. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà táǹkì àti iye ọlẹ̀ yín sí, bí ẹ bá sì pààrọ̀ fóònù, ẹ tètè fún wọn ní nọ́ńbà tuntun.