Ìdẹ tó bá rì ló ń dé ẹnu ẹja: Ẹ̀kọ́ fún oníṣòwò kékeré látọwọ́ àwọn tó ń di ìdẹ ní Kẹ́ńyà

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Iṣẹ́ kan wà ní Kẹ́ńyà tí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ju èékánná ọmọdé lọ, síbẹ̀ ó ń bọ́ ìdílé, ó sì ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ náà ni dídi ìdẹ fún ẹja tráòtì.

Tráòtì kì í ṣe ẹja ilẹ̀ Kẹ́ńyà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1905 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó o wá sínú odò tó ń ṣàn láti orí òkè Aberdare, nítorí pé omi ibẹ̀ tutù. Ìdẹ tí wọ́n fi ń pa á ni àwọn ọmọ ilẹ̀ náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń di. Kẹ́ńyà gbòmìnira ní 1963, àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ, iṣẹ́ ò lọ.

Ìdẹ yìí kì í ṣe ekòló tàbí ẹran. Ìwọ̀ ni, tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú wé títí yóò fi jọ kòkòrò. Àmọ́ ẹ fetí sí ibi tí ọgbọ́n wà. Ìsàlẹ̀ omi ni tráòtì ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, láàárín òkúta, níbi tí àwọn ọmọ kòkòrò ń gbé kí wọ́n tó hu ìyẹ́. Bí ìdẹ bá fúyẹ́, orí omi ni yóò máa léfòó, ẹja yóò sì máa jẹun tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń di ohun wíwúwo mọ́ inú rẹ̀.

Ẹnì kan tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí ọgbọ́n yìí ni Frank Sawyer, olùtọ́jú odò Avon ní Wiltshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ ìwé Nymphs and the Trout ní 1958. Sawyer kò lo òwú rárá. Wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun ló ń wé mọ́ ìwọ̀, tí yóò wé e nípọn díẹ̀ níbi àyà. Lẹ́yìn náà ni yóò mú fọ́nrán mẹ́rin láti ìrù ẹyẹ pheasant, ẹyẹ kan tó jọ àparò ṣùgbọ́n tí ìrù rẹ̀ gùn. Yóò lọ́ wọn mọ́ wáyà yẹn, yóò sì wé wọn pọ̀ lọ sókè. Ó parí. Ohun èlò méjì péré, bí a bá yọ ìwọ̀ kúrò. Wáyà kan náà ló ń so ó, òun náà ló ń jẹ́ kó rì.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ń fi ìlẹ̀kẹ̀ onírin sí orí rẹ̀. Omi tó bá wọn gíráàmù 1, idẹ tó gba àyè kan náà yóò wọn nǹkan bíi 8.5, òjé 11.3, tungsten 19.3. Tungsten ló ń tètè rì jù, àmọ́ ó wọ́n ju idẹ lọ.

Apẹja yóò ju ìdẹ náà sí òkè odò, yóò jẹ́ kó rì bọ̀ wálẹ̀. Bó bá súnmọ́ ẹja, yóò rọra gbé ọ̀pá sókè. Ìdẹ yóò gòkè bíi kòkòrò tó fẹ́ fò, ẹja yóò sì gbé e.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa oníṣòwò. Tí oníbàárà bá ra dọ́sìnnì kan, méjìlá gbọ́dọ̀ rì bákan náà. Bí ọ̀kan bá fi ìwéyípo wáyà mẹ́ta dín, ojú kò ní rí i nínú ṣọ́ọ̀bù. Odò ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Ẹni tó ra á kò ní padà wá jà. Kò kàn ní rà mọ́ ni.

Ibi tó ń dùn wọ́n náà wà. Ọ̀pọ̀ ìdẹ tí wọ́n ń tà ní Bìrìtéènì, ọwọ́ àwọn ará Kẹ́ńyà ló ti jáde, àmọ́ orúkọ ilé ìtajà ló máa ń wà lára páálí. Ẹni tó ní orúkọ ló ń dá iye owó, ẹni tó di í ń gba owó iṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan nínú wọn fi ń fi orúkọ ara wọn tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí.

Omi ilẹ̀ Yorùbá gbóná jù fún tráòtì, a ò sọ pé kí ẹ lọ máa di ìdẹ. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ran aṣọ, tẹ́ ẹ ń sín ìlẹ̀kẹ̀, tẹ́ ẹ ń ṣe bàtà, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé ibi tí oníbàárà yín ti ń jẹun lẹ ń ju ìdẹ sí? Ṣé ìkejìlá dára bí àkọ́kọ́? Orúkọ ta ló wà lára rẹ̀? Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ibi tí ojú kò tó.