Ìyẹ̀ Abẹ́ Àga: Bí A Ṣe Lè Dá Àwọn Kòkòrò Ajẹgi Mọ̀

Ní àkókò àjọ̀dún bí èyí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa ronú ohun tí yóò fi ta ilé-ìwé wa lọ́rẹ, nǹkan onígi ni ó sì sábà máa ń jẹ́: àga, tábìlì, àpótí ìwé. Àwa náà ti ta irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ rí, a sì kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ọgbọ́n náà ni a fẹ́ pín fún yín.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ wa kó àga gbọọrọ wá sí ilé ìsìn ilé-ìwé. Ìrókò ni a sanwó fún. Kò tó ọdún méjì tí ìyẹ̀ funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sílẹ̀ lábẹ́ wọn. A ní ikán ni. A ra oògùn, a dà á sí ẹsẹ̀ ògiri yí ilé ká. Ìyẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ni a bá yí ẹjọ́ náà sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, pé igi mìíràn ni ó fi rọ́pò ìrókò. A kò sọ ọ́ ní bòńkẹ́lẹ́. Nínú ìpàdé ni a ti sọ ọ́, iṣẹ́ mìíràn tí à bá gbé fún un sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àgbàlagbà kan tí ó ti pẹ́ nídìí òwò pákó ní Bódìjà ni ó là wá lójú. Ó bu ìyẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò rà á, ó ní, "Alùfáà, èyí kì í ṣe iṣẹ́ ikán. Ẹrẹ̀ ni ikán fi ń mọ ọ̀nà tirẹ̀." Ó dojú àga kan dé, ó sì fi hàn wá pé ìrókò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n létí pákó, níbi tí igi ti funfun, ni ihò wà. Ibi tí ó pọ́n kò ní ihò kan ṣoṣo.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Apá funfun tí ó wà lábẹ́ èèpo igi ni igi ń fi oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sí, sítáàṣì sì wà nínú rẹ̀. Sítáàṣì yìí ni kòkòrò náà ń wá. Abo rẹ̀ a yé ẹyin sínú ihò tín-tìn-tín tí ó wà lára igi, ẹyin a di ìdin, ìdin a sì máa jẹ igi nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí ó bá di kòkòrò tí ó gbó ni yóò tó lu igi jáde. Nítorí náà, ihò tí a ń rí kì í ṣe ojú ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Ojú ọ̀nà tí ó gbà jáde ni. Ẹni tí ó bá fi ọ̀dà dí ihò náà, ilẹ̀kùn lẹ́yìn olè tí ó ti lọ ni ó ń tì.

Àwọn kòkòrò ajẹgi kò jẹ́ ọ̀kan náà. Ihò àti ìyẹ̀ ni a fi ń dá wọn mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí ó jẹ àga wa. Ihò rẹ̀ kò ju mílímítà 1 sí 2 lọ, ìyẹ̀ rẹ̀ sì kúnná bíi páúdà. Arère ni ó fẹ́ràn jù, nítorí pé gbogbo ara igi náà ni ó funfun. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ra bẹ́ẹ̀dì onípákó fún àwọn ọmọ yín ní Agbowó, ẹ kíyè sí i.

Èkejì tóbi jù ú lọ. Ihò rẹ̀ lè tó mílímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹ̀ rẹ̀ a sì máa ki díẹ̀. Ẹbí rẹ̀ kékeré kan ń jẹ ọparun, òmíràn sì ń jẹ gbòdò tí a fẹ́ lọ̀ di èlùbọ́.

Ẹ̀kẹta, inú gẹdú tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lulẹ̀ ni ó ń wọ̀. Kì í jẹ igi fúnra rẹ̀. Irú olú kan ni ó ń gbìn sínú ihò náà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Etí ihò rẹ̀ dúdú, kò sì sí ìyẹ̀ nínú rẹ̀. Bí igi bá ti gbẹ, kòkòrò yìí a kú. Ẹ má ṣe ná owó oògùn lé e lórí.

Ẹ̀kẹrin ń ba igi tí ó wà láàyè jẹ́. Kòkòrò ńlá kan, onírun ìmú gígùn, a máa gé ẹ̀ka kajú yípo bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, a sì yé ẹyin sínú rẹ̀. Bí ẹ̀ka náà bá wó, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nínú ọgbà. Ẹ dáná sun ún.

Ní ti ikán, ẹrẹ̀ ni àmì rẹ̀. Ọ̀kan wà tí ó ń gbé inú igi gbígbẹ, tí kì í mọ ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ rẹ̀ rí horo-horo bí iyanrìn.

Kí a tó ra oògùn, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ bóyá kòkòrò ṣì wà nínú igi. Ẹ gbá ìyẹ̀ ibẹ̀ kúrò, ẹ fi àmì yí àwọn ihò tí ẹ rí ká, ẹ sì tẹ́ aṣọ dúdú sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ihò tuntun àti ìyẹ̀ tuntun bá yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iṣẹ́ ṣì ń lọ nínú rẹ̀.

Ìdènà ni ó dára jù. Bí ẹ bá ń ra àga létí títì ní Ríǹgì Ródù tàbí ní Ṣálẹ́ńjì, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo abẹ́. Ẹ ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà gé etí funfun kúrò, kí ó sì kun fánìṣì dé abẹ́ àti ẹ̀yìn, nítorí ibi tí a kò kùn ni kòkòrò ń yé ẹyin sí. Ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ bá le, kí ó lọ béèrè ní FRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó tí ó wà ní Jẹ́ríkò níhìn-ín.

Ẹ sì ṣọ́ra fún oògùn fúnra rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Harold Maxwell-Lefroy, ẹni tí ó wá oògùn sí kòkòrò tí ń jẹ igi òrùlé Westminster Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, afẹ́fẹ́ olóró tí òun fúnra rẹ̀ ń fi dán kòkòrò wò ni ó pa á ní 1925. Bí ọ̀mọ̀wé bá lè kú ikú oògùn, kí ni kí a sọ nípa ilé tí àwọn ọmọdé ń sùn sí?

A lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà náà nílé rẹ̀, a sì tọrọ àforíjì. Ó dárí jì wá, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí a sọ nínú ìpàdé, inú ìpàdé ni kí a ti kó o jẹ. Òótọ́ ni. A ti ṣe bẹ́ẹ̀, a sì tún ń ṣe é nínú ìwé yìí: ìrókò ni ó fún wa. Òun náà ni ó gé etí funfun àwọn àga náà kúrò, tí ó sì tún wọn ṣe. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ta ọrẹ onígi lọ́dún yìí, kí ó kọ́kọ́ wo igi, kí ó tó wo ẹni tí yóò dá lẹ́bi.