Prado ní Madrid: Ibi Tí Fóònù Yín Kò Ti Ní Ya Fọ́tò

Madrid là ń lọ lónìí, olú-ìlú Sípéènì, sí ilé àwòrán ńlá tí wọ́n ń pè ní Prado. Ọdún 1819 ni wọ́n ṣí i fún aráàlú.

Ẹ gbọ́ èyí ná: wọn kì í jẹ́ kéèyàn ya fọ́tò nínú ibẹ̀. Kò sí sẹ́lífì, kò sí fídíò. Ojú yín nìkan lẹ máa fi wò ó. Ilé náà sì tóbi. Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀ á ro ó, kò sì ní rántí nǹkan kan. Torí náà, ẹ ti yan àwòrán mélòó kan láti ilé.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Yúrò 15 ni tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san, bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 18 sí 25 tó bá mú káàdì rẹ̀ dání. Ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo èèyàn láti aago 6 sí 8 alẹ́, ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta, àti aago 5 sí 7 lọ́jọ́ Àìkú. Àmọ́ ìlà máa ń gùn nígbà náà. Tẹ́ ẹ bá lówó rẹ̀, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wọlé ní aago 10 àárọ̀.

Kí lẹ máa wò? Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Las Meninas, tí Velázquez yà ní 1656. Ẹ wá àwòrán 14 tí Goya kùn sára ògiri ilé ara rẹ̀ nígbà tó darúgbó. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Juan de Pareja. Aláwọ̀dúdú wà nínú ìran rẹ̀, ẹrú Velázquez sì ni kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ní 1661, ó ya bí Jésù ṣe pe Mátíù, ó sì ya ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tòun ti ìwé tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n ti kà mọ́ ẹrù ẹlòmíì rí ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ yẹn.

Ẹ yẹ ìkànnì Prado wò bóyá wọ́n gbé àwòrán tẹ́ ẹ fẹ́ síta, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà yàrá rẹ̀ sínú fóònù yín. Ẹ má sì wá Guernica ti Picasso níbẹ̀ o! Reina Sofía nìyẹn wà, kò jìnnà, àmọ́ wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ó dìgbà o.