Oríkèé Ọ̀rọ̀: Bí Èdè Dutch Ti Ń Kan Ọ̀rọ̀ Pọ̀

Bí a bá fẹ́ mọ bí a ti ń kan ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú èdè tiwa, ó dára kí á yọjú wo ilé ẹlòmíràn. Èdè Dutch, tí wọ́n ń sọ ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ní apá àríwá Bẹ́ljíọ̀mù àti ní Súrínámù, fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ púpọ̀púpọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí oríkèé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà yóò ṣì í kà, yóò ṣì í pè, yóò sì ṣì í gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi ètò ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, olórí ni ó ń ṣáájú: irú ilé kan ni ilé-ìwé, kì í ṣe irú ìwé. Lọ́dọ̀ tiwọn, olórí ni ó ń kẹ́yìn. Koe ni màlúù, melk ni wàrà. Koemelk sì ni wàrà màlúù. Ṣùgbọ́n bí a bá yí i padà sí melkkoe, ó di màlúù tí a ń sìn nítorí wàrà. Olórí yìí náà ni ó ń yan de tàbí het, àwọn ọ̀rọ̀ kékeré tí ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ: het huis ni ilé, de sleutel ni kọ́kọ́rọ́; nítorí náà de huissleutel ni kọ́kọ́rọ́ ilé.

Nígbà mìíràn wọ́n a fi lẹ́tà kan tàbí méjì ṣe àlẹ̀mọ́ láàrin. Stad, ìlú, àti muur, odi, di stadsmuur. Àlẹ̀mọ́ yìí a máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Pannekoek ni wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀ fún àkàrà pẹlẹbẹ tí a fi ìyẹ̀fun dín; àkọtọ́ ọdún 1995 sọ ọ́ di pannenkoek, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í pe n náà rárá.

Ní ti sílébù, oríkèé ni ààlà. Hand ni ọwọ́, ṣùgbọ́n bí t ni wọ́n ń pe d tí ó parí rẹ̀. Nínú handen, èyí tí í ṣe ọ̀pọ̀, d bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ sílébù kejì, han-den, ó sì dún bí d. Nínú handarbeid, iṣẹ́ ọwọ́, fáwẹ́lì tẹ̀ lé e bákan náà, síbẹ̀ hand-ar-beid ni, t ni a sì ń gbọ́. Àwa a máa pa fáwẹ́lì jẹ, tí ẹran oko fi di ẹranko. Àwọn a máa ṣọ́ ààlà wọn. Ẹni tí ó bá ṣi ààlà ṣi ìtumọ̀: val-kuil ni ọ̀fìn tí a fi ń mú ẹran, ṣùgbọ́n valk-uil yóò di òwìwí tí ó jọ àṣá. Lẹ́tà kan náà sì ni méjèèjì!

Ó ku ìtẹnumọ́. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni àwa fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Agbára tí a fi pe sílébù ni wọ́n ń lò. Nínú ọ̀rọ̀-orúkọ àkànpọ̀, apá àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń gba agbára náà: koe ni a tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú koemelk. Àwọn kan yàtọ̀, bí stadhuis, gbọ̀ngàn ìlú, tí huis gba agbára rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀-ìṣe, ewu rẹ̀ pọ̀ jù: bí a bá tẹ voor mọ́lẹ̀ nínú voorkomen, ó túmọ̀ sí kí nǹkan ṣẹlẹ̀, bí a bá tẹ ko mọ́lẹ̀, ó túmọ̀ sí kí a dènà rẹ̀ kí ó má ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa náà. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ní kí á máa kọ nígbà tí, síbẹ̀ nígbàtí kò tíì kúrò nínú ìwé wa. Kí olùkọ́ tó pàṣẹ fún ọmọ ilé-ìwé pé kí ó so ọ̀rọ̀ pọ̀ tàbí kí ó yà á, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ fi oríkèé rẹ̀ hàn án. Òfin tí a mọ ìdí rẹ̀ kì í ṣòro láti pamọ́.